Bí ẹ̀rọ bá ń ka fáìlì, níbo ni ọmọṣẹ́ lọ́yà yóò ti kọ́ṣẹ́?

Abeke_Amofin

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ọdún kan gbáko ni mo fi ka ìwé. Yàrá kan ni, kò ní fèrèsé, páálí kún ibẹ̀ dé àjà. Iṣẹ́ mi ni kí n ka gbogbo ìwé inú páálí wọ̀nyẹn, kí n sì lẹ bébà kékeré mọ́ ibi tí orúkọ olùjẹ́jọ́ bá ti jẹyọ. Mo sunkún nínú yàrá yẹn. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni mo ti mọ bí èèyàn ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo gbèsè mọ́lẹ̀ nínú lẹ́tà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìpínrọ̀ kẹtàdínlógún ni wọ́n sábà máa ń tọ́jú ejò sí nínú ìwé àdéhùn, torí wọ́n mọ̀ pé oorun á ti gbé ẹni tó ń kà á lọ kó tó débẹ̀.

Láìpẹ́ yìí a gba ẹjọ́ kan tí ìwé inú rẹ̀ lé ní 11,000. Ẹ̀rọ AI tí a ń sanwó fún kà á tán kí n tó jẹun ọ̀sán tán. Ó to ìwé náà bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀lé ara wọn, ó fa orúkọ yọ, ó tún ta mí lólobó pé lẹ́tà méjì kan ta ko ara wọn. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ ló rí. Inú mi ń dùn títí mo fi gbójú sókè tí mo rí àwọn lọ́yà kékeré méjèèjì tó wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n kàn jókòó ni. Kò sí nǹkan tí mo ní fún wọn ṣe.

Wọ́n ní amòfin gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ wò kó tó fọwọ́ sí i. Mo gbà. Ẹni tí kò ka páálí rí, ojú wo ló máa fi yẹ̀ ẹ́ wò?

OmoKoodu

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo wà lára àwọn tó ń kọ irú ẹ̀rọ yẹn, torí náà ẹ ti mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo máa gbè.

Nǹkan tí ẹ rí yẹn kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Lọ́dún 2012, nínú ẹjọ́ Da Silva Moore pẹ̀lú Publicis Groupe ní New York, ìwé orí kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀ tó mílíọ̀nù 3. Adájọ́ Andrew Peck gbà kí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣà wọ́n, ó sì kọ ọ́ sínú ìdájọ́ rẹ̀ pé ọ̀nà náà bófin mu. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ni pé àgbà lọ́yà tó mọ ẹjọ́ náà dunjú á ka díẹ̀ nínú ìwé, á sọ èyí tó kan ẹjọ́ àti èyí tí kò kàn án. Ẹ̀rọ á wo ohun tó ṣe, á wá fi ojú kan náà wo ìyókù, á to àwọn tó jọ pé ó kan ẹjọ́ jù lọ sókè. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún bu díẹ̀ nínú èyí tí ẹ̀rọ jù sílẹ̀, wọ́n á kà á, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ṣèèṣì ju èyí tó kan ẹjọ́ nù.

Ẹ kíyè sí i pé ojú àgbà ni ẹ̀rọ yá lò. Èyí tó wà lóde báyìí kò tiẹ̀ dúró kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun lórí ẹjọ́ kan pàtó. Ó ti kàwé wá láti ibi tó ti ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọṣẹ́ yẹn, ká sòótọ́, kò sí lọ́kàn wa rárá nígbà tí a ń kọ ọ́. Ohun tí àwọn tó ń ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ wa ní kí a ṣe ni pé kí a dín owó kíka ìwé kù.

AgbaLoya

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i.

Kò sí ìran tí kò sọ pé iṣẹ́ yìí ti fẹ́ bàjẹ́. Lọ́dún 1873, ọkùnrin kan ní Chicago tó ń jẹ́ Frank Shepard bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bébà kékeré tó ní àtè lẹ́yìn, tí lọ́yà lè lẹ̀ mọ́ etí ìwé ìdájọ́, kó lè mọ ìdájọ́ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tó tì í lẹ́yìn tàbí tó wó o palẹ̀. Ní 1973, Lexis gbé ìwé ìdájọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ó di pé kí èèyàn tẹ ọ̀rọ̀ kan kí ìdájọ́ máa tú jáde. Nígbà tí irú rẹ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ tiwa, ọ̀gá mi ní òun ò ní fọwọ́ kàn án. Ó ní ẹni tí kò ṣí ìwé kò lè ṣèèṣì rí ohun tí kò wá. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀pọ̀ ìdájọ́ tó gbà mí sílẹ̀ lójú adájọ́, ojú ewé tó wà lódìkejì èyí tí mo ń wá ni mo ti rí i.

Síbẹ̀, bébà Shepard ò parọ́. Tí Lexis ò bá ní ìdájọ́ kan, ó máa sọ fún ọ pé kò sí. Èyí tó dé yìí, tí kò bá sí, á dá ọ̀kan sílẹ̀ fún ọ. Ẹ rántí ẹjọ́ Mata pẹ̀lú Avianca. Èrò ọkọ̀ òfuurufú kan ní kẹ̀kẹ́ onírin tí wọ́n fi ń pín oúnjẹ kiri gbá òun lórúnkún, ó bá pe iléeṣẹ́ ọkọ̀ náà lẹ́jọ́. Lọ́yà kan lára àwọn tó gba ẹjọ́ náà rò fún un, ẹni tó ti lé ní 30 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, lọ bá ChatGPT, ẹ̀rọ AI tó ń fèsì ìbéèrè, pé kó bá òun wá ìdájọ́. Mẹ́fà nínú èyí tó kó jáde ni kò sí níbì kankan lábẹ́ ọ̀run. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín, tó tún bà mí nínú jẹ́, ni pé ó tiẹ̀ bi ẹ̀rọ náà bóyá òótọ́ ni ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀rọ sì ní òótọ́ ni. Ẹ wo ẹni tó ń bi òpùrọ́ pé ṣé o ò parọ́! Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Adájọ́ Kevin Castel bu ìtanràn 5,000 dọ́là lé òun, lọ́yà kejì àti iléeṣẹ́ wọn.

Ẹni tó lé ní 30 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ o. Ó dájú pé òun náà ka páálí tirẹ̀ nígbà èwe. Torí náà, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, páálí nìkan ò gba èèyàn.

TitunLoya

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Èmi gan-an ni ọmọ tó jókòó láìní iṣẹ́ yẹn, ó kàn jẹ́ pé ọ́fíìsì míì ni. Ọdún kejì mi rèé.

Yàrá tí kò ní fèrèsé yẹn, mà, ṣé ẹnikẹ́ni kọ́ yín ní nǹkan kan níbẹ̀? Ẹ̀yin lẹ kọ́ ara yín. Ọ̀gá yín ń fi wákàtí yín gbowó lọ́wọ́ oníbàárà ni. Pé ẹ rí ọgbọ́n ṣà níbẹ̀ kò sọ ibẹ̀ di ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn mélòó ló ti inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, tí wọn ò sí níbí láti sọ tiwọn?

Ẹ wá gbọ́ tèmi. Ọ̀gá kan ní kí n fi AI kọ àlàyé ẹjọ́ tí òun fẹ́ kó síwájú adájọ́, ìrọ̀lẹ́ ló sọ ọ́, ó ní òun fẹ́ rí i lórí tábìlì òun láàárọ̀. Ìdájọ́ mẹ́rin ni ẹ̀rọ fi tì í lẹ́yìn. Mo wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì péye. Ọ̀kan ò sí rárá. Èyí tó kù wà lóòótọ́, orúkọ rẹ̀ pé, ọdún rẹ̀ pé, àmọ́ ohun tí ẹ̀rọ ní adájọ́ sọ níbẹ̀, adájọ́ ò sọ ọ́. Agbẹjọ́rò tó pàdánù ló sọ ọ́, adájọ́ kàn tún un sọ kó tó dá a nù ni.

Èyí ló dẹ́rù bà mí jù. Ìdájọ́ tí kò sí, ìṣẹ́jú márùn-ún lèèyàn fi máa mọ̀. Èyí tó wà tí wọ́n yí inú rẹ̀ po, àfi kéèyàn jókòó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Aago méjì òru ni mo parí. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ọ̀gá láàárọ̀, ó ní kí ló mú mi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó jẹ́ ẹ̀rọ ló kọ ọ́.

Mo kọ́ṣẹ́ lóru ọjọ́ yẹn o. Kò kàn sí ẹni tó kà á sí iṣẹ́ ni.

OmoKoodu

Ohun tí o rí yẹn, TitunLoya, òun ni a ń bá jà. Ẹ̀rọ yìí kì í wá òótọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ló ń wá. Orúkọ ẹjọ́ sì wà lára ohun tó rọrùn jù láti dà bí ẹni pé ó wà: orúkọ ẹni méjì, ọdún, nọ́mbà ìwé, nọ́mbà ojú ewé. Ó ti rí irú ẹ̀ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Àwọn tó ń ṣe ti amòfin nìkan mú kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ lọ wo inú àká ìdájọ́ kó tó dáhùn. Ó dín irọ́ kù lóòótọ́, kò pa á. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford dán irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò ní 2024, àwọn tí iléeṣẹ́ ńláńlá ń tà fún lọ́yà. Nínú ìdáhùn 100, èyí tó ní àròsọ nínú wà láàárín 17 sí 33, ó sinmi lórí ẹ̀rọ tí wọ́n lò. A ti tún un ṣe sí i láti ìgbà yẹn, àmọ́ mi ò ní sọ fún lọ́yà kankan pé kó fọwọ́ sí i láìkà á.

EmiOnibaara

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi kì í ṣe lọ́yà, mo kàn ń gba ibí kọjá ni. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè. Ọmọṣẹ́, ọ̀gá, yàrá, wákàtí. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ń sanwó gbogbo ẹ̀.

Onílé tí mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kọ̀, kò dá owó ìdógò mi padà. Lọ́yà tí mo lọ bá dárúkọ owó tó ju owó tí mo ń wá lọ. Mo padà sílé, mo kọ lẹ́tà fúnra mi, AI bá mi tún un ṣe, ó fi ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀ sí i. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí owó mi fi dé. Ṣé ọ̀rọ̀ òfin tó fi sí i péye? Mi ò mọ̀. Onílé náà ò mọ̀.

Akowe_Kootu

EmiOnibaara pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ti ọwọ́ lọ́yà jáde náà, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Kóòtù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwa la ń gba ìwé wọlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ò rí láti ibi tí ẹ jókòó sí. Fún àwọn ẹjọ́ kéékèèké kan, British Columbia ní Kánádà dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2016, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Èèyàn á jókòó sílé, á dáhùn ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ètò náà á ràn án lọ́wọ́ láti mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀, á fún òun àti ẹnìkejì láàyè láti jọ sọ ọ́ yanjú, kó tó di pé adájọ́ ìgbìmọ̀ dá sí i. Kò pọn dandan kí ó gba lọ́yà.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹjọ́ kan ní oṣù kejì ọdún 2024 tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn. Ìyá àgbà ọkùnrin kan kú, ọkùnrin náà wá bi ẹ̀rọ tó ń fèsì ìbéèrè lórí ìkànnì iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Air Canada nípa ẹ̀dínwó fún ẹni tó ń lọ ìsìnkú. Ẹ̀rọ ní kó ra tíkẹ́ẹ̀tì, pé ó lè béèrè ẹ̀dínwó láàárín ọjọ́ 90. Nígbà tó béèrè, wọ́n ní òfin àwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wá sọ níwájú ìgbìmọ̀ o: wọ́n ní ẹ̀rọ náà dá dúró lọ́tọ̀ lójú òfin, pé òun fúnra rẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀! Ìgbìmọ̀ ò gbà. Wọ́n ní kí wọ́n san owó ọkùnrin náà fún un.

AgbaLoya

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá kí ó wá búra nígbà náà.

Akowe_Kootu

Bàbá, ẹ̀rín pọ̀ níbi tí mo wà. Ẹ rántí lọ́yà tó dé iwájú adájọ́ lórí fídíò ní Texas ní oṣù kejì 2021 tí ojú rẹ̀ di ojú ológbò, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun kì í ṣe ológbò. Gbogbo ayé rí ìyẹn. Èyí tí ayé ò rí ni ẹlẹ́rìí tí mo wò lórí fídíò lọ́jọ́ kan. Kó tó dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ yà sápá òsì. Ẹnìkan ń bẹ níbẹ̀ tí a ò rí. Nínú yàrá ẹjọ́, adájọ́ á ti rí ẹni náà. Adájọ́ ní kó gbé kámẹ́rà yí yàrá po. Íntánẹ́ẹ̀tì bá já.

Síbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí a padà sí ti tẹ́lẹ̀ pátápátá, mi ò ní fara mọ́ ọn. Mo mọ iye èèyàn tó máa ń fi odindi ọjọ́ kan jókòó sí kóòtù nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n fi máa sún ẹjọ́ wọn síwájú.

Alabojuto

Ẹ dákun, mo ti yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Ẹnìkan lẹ ìwé ẹjọ́ oníbàárà rẹ̀ síbí. Ó fi dúdú bo orúkọ àwọn èèyàn, ó rò pé ó tán. Mo fa ìlà kọjá lórí dúdú náà, mo dà á kọ síbòmíì, gbogbo orúkọ jáde. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn lọ́yà Paul Manafort, ọ̀gá ìpolongo ìbò Trump nígbà kan rí, ní oṣù kìíní ọdún 2019, àwọn oníròyìn ka gbogbo ohun tí wọ́n rò pé àwọn bò. Ẹ máa ṣọ́ra o.

Abeke_Amofin

TitunLoya, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ò ṣẹ̀ mí. Ọ̀gá mi ò wọ yàrá yẹn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Mo sì mọ iye tó ń kọ fún wákàtí mi, torí èmi ni mo ń tẹ ìwé owó náà.

EmiOnibaara, ẹ ṣeun tí ẹ dá sí i, torí ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ́ àwọn amòfin Amẹ́ríkà, ABA, gbé ìmọ̀ràn kan jáde ní oṣù keje ọdún 2024, nọ́mbà 512. Ó ní lọ́yà tó ń fi wákàtí gbowó, àkókò tó lò gan-an pẹ̀lú ẹ̀rọ àti èyí tó fi yẹ̀ ẹ́ wò ló lè gbowó lé. Kò lè gba owó àkókò tí ì bá lò ká ní kò sí ẹ̀rọ. Ó tún ní kí a gba ìyọ̀ǹda oníbàárà kí a tó kó àṣírí rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń fi ohun tó gbọ́ kọ́ ara rẹ̀, pé gbólóhùn kan tí a há sínú ìwé àdéhùn ò tó. (Ìpínrọ̀ kẹtàdínlógún, mo tún kí ẹ o.)

Ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tú síta. Owó kíka ìwé yẹn ni a fi ń san owó oṣù àwọn ọmọṣẹ́. Oníbàárà ló ń san owó ẹ̀kọ́ wa látọjọ́ yìí wá, kò mọ̀, a ò sì sọ fún un. Ẹ̀rọ wá mú ìwé owó náà kúrò. Ta ló máa wá san án?

EmiOnibaara

Háà. Ẹ ṣeun tí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́.

AgbaLoya

Mo fẹ́ gba ibòmíì wọ̀ ọ́. Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ ẹ̀rọ mọ ní ọ́fíìsì wa. Ẹ̀rọ náà ti di ẹlẹ́rìí, ó sì ti ń bá adájọ́ gbìmọ̀.

Iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Post Office, gbé ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Horizon wọlé lọ́dún 1999. Iléeṣẹ́ Fujitsu ló ni ín. Ètò náà á ní owó dín nínú àpótí nígbà tí owó kan ò dín. Àwọn tó ń bá wọn mójú tó ẹ̀ka kéékèèké ni wọ́n kó lọ sílé ẹjọ́, ó lé ní 900 tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n. Ẹ wá wo bí òfin ṣe rí. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá mú ẹ̀rí inú kọ̀ǹpútà wá sínú ẹjọ́ ọ̀daràn gbọ́dọ̀ fi hàn pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n ní ìyẹn ń ni àwọn lára, òfin ọdún 1999 mú un kúrò. Ó wá di pé kọ̀ǹpútà jàre títí ẹnìkan yóò fi rí ìdí tó fi yẹ kí a má gbà á gbọ́. Báwo ni ẹni tí kò rí inú ẹ̀rọ ṣe máa rí ìdí?

Ní 2019, Adájọ́ Fraser wo bí Post Office ṣe ń tẹnu mọ́ ọn pé kò sí àbùkù lára ètò náà, ó ní ó dà bí ẹni tó ń jiyàn ní ayé òde òní pé pẹrẹsẹ ni ayé. Ọdún 2024 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn tó ṣòfin láti pa ìdálẹ́bi àwọn èèyàn náà rẹ́ lápapọ̀. Àwọn mìíràn ti kú.

Ohun tó sì ń dùn mí ni pé lọ́yà wà nídìí gbogbo ẹjọ́ yẹn. Ìwé wà níwájú wọn. Àwọn tó bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè ò tó nǹkan.

TitunLoya

Bàbá, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yìí ni mo máa ń rò. A kọ́ wa bí a ṣe ń da ìbéèrè bo ẹlẹ́rìí. Kò sí ẹni tó kọ́ wa bí a ṣe ń bi ẹ̀rọ. Ní Wisconsin, ẹjọ́ Loomis, 2016: ètò kan tó ń jẹ́ COMPAS sọ iye tí òun rò pé ọkùnrin kan fi lè tún ṣẹ̀, adájọ́ sì wò ó nígbà tó ń dá a lẹ́wọ̀n. Ọkùnrin náà ní òun fẹ́ mọ bó ṣe ṣírò rẹ̀. Wọ́n ní àṣírí òwò iléeṣẹ́ tó ni ín nìyẹn. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ ní adájọ́ lè lò ó, kó ṣáà má jẹ́ òun nìkan ló máa fi pinnu.

Ẹlẹ́rìí wo ló tún wà láyé tó lè sọ pé òun ò ní sọ bí òun ṣe mọ̀?

Akowe_Kootu

Ọ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un, torí ó kan EmiOnibaara àti ẹ̀yin lọ́yà pa pọ̀. Nínú ẹjọ́ méjì tí High Court ní London jọ ṣèdájọ́ lé lórí ní oṣù kẹfà 2025, ọ̀kan wà tí ìdájọ́ 45 wà nínú ìwé tí wọ́n kó wá, 18 nínú wọn ò sí. Ta ló wá àwọn ìdájọ́ náà? Oníbàárà ni! Òun ló lo ẹ̀rọ, ó fi ránṣẹ́ sí lọ́yà rẹ̀, lọ́yà fọwọ́ sí i. Ilé ẹjọ́ ní ohun tó yani lẹ́nu gan-an ni pé lọ́yà ló ń gbára lé oníbàárà fún ìwádìí òfin, dípò kó jẹ́ òdìkejì rẹ̀.

EmiOnibaara

Lẹ́tà tèmi ò dé kóòtù o!

Abeke_Amofin (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Mo padà dé. Mo dán nǹkan kan wò, mo ní kí n wá ròyìn. Mo ti yí díẹ̀ nínú àlàyé rẹ̀ padà kí àṣírí oníbàárà má bàa tú.

Ẹjọ́ owó ẹ̀yìn ni. Mo bu 300 nínú ìwé rẹ̀ fún àwọn ọmọ méjèèjì, mo ní kí wọ́n kà á kí ẹ̀rọ tó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ ka 300 kan náà. A wá jókòó, àwa mẹ́ta, a tẹ́ méjèèjì síra wọn. Mo wọ yàrá náà lọ́tẹ̀ yìí o, TitunLoya, mo sì pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀rọ rí mẹ́rin tí àwọn ọmọ fò. Oorun ni, wọ́n jẹ́wọ́. Àmọ́ ìmeèlì mẹ́sàn-án wà tí ọ̀kan nínú àwọn tí a ń bá ṣẹjọ́ ti ń sọ̀rọ̀ “owó ilé-ìwé àwọn ọmọ.” Ẹ̀rọ kó gbogbo rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ilé, kò kan ẹjọ́. Ọmọbìnrin tó wà lọ́dọ̀ mi ló béèrè pé, “Mà, ṣebí ọkùnrin yìí kọ ọ́ nínú lẹ́tà mìíràn pé òun ò tíì gbéyàwó, òun ò sì lọ́mọ. Owó ilé-ìwé ta ló ń san?” A to ọjọ́ ìmeèlì wọ̀nyẹn mọ́ ọjọ́ tí owó jáde ní báńkì. Ó bá a mu, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

OmoKoodu lè sọ pé ẹ̀rọ ọdún tó ń bọ̀ á rí i. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ìbéèrè tí ọmọ yẹn bi mí ni mo fi mọ̀ pé lọ́yà ni.

Wákàtí tí a fi ṣe é, mi ò kọ ọ́ sínú ìwé owó oníbàárà. Inú àpò mi ló ti jáde, ó sì dun àpò náà. Mi ò lè ṣe é lórí gbogbo ẹjọ́, ọ̀kan lóṣù ni mo rò pé agbára mi ká.

OmoKoodu

Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè lo àpẹẹrẹ owó ilé-ìwé yẹn láti dán ẹ̀rọ wa wò?

Abeke_Amofin

Rárá.

TitunLoya

Mà, ṣé ẹ ṣì ń gba èèyàn?

Abeke_Amofin

Kọ̀wé sí mi. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi kọ ọ́.

TitunLoya

Mo ti kọ ọ́, mà. Ó gùn díẹ̀. Owó oṣù tí mo fẹ́ gbà wà ní ìpínrọ̀ kẹtàdínlógún.